Fìlà Bàbá Mautin àti Wáyà Èkó

Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ, mo gbọ́ yín. Láti àárọ̀ lẹ ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí fóònù bá ti dún lápò mi, màá kọ́kọ́ ṣí fìlà kí n tó dá a lóhùn. Ẹnì kan nínú yín tilẹ̀ fi abọ́ ike dé orí lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ẹ ǹlẹ́ o," ó sì ṣí abọ́. Kò burú. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Fìlà orí mi yìí wà lára àkísà mi. Ẹ fà sún mọ́ mi, kí n sọ bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe jẹ́.

Ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ yín ná. Kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ, kò ní okùn nídìí, ẹ sì ń fi bá ará òkè òkun sọ̀rọ̀ lórí ibùsùn. "Ibo lo wà?" lẹ máa ń kọ́kọ́ bi ara yín. Nígbà ayé òyìnbó, nígbà tí mo jẹ́ géńdé ní Àgbádárìgì yìí, kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí èèyàn wà bó bá ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. A mọ ibi tó wà. Ibi tí wáyà dé ló wà, kò sì lè kúrò níbẹ̀.

Èmi ni mò ń tọ́jú tẹlifóònù àwọn ọ́fíìsì ìjọba nígbà náà. Wọ́n kọ́ mi níṣẹ́ náà fún oṣù mélòó kan ní Èkó, wọ́n wá dá mi padà sílé pẹ̀lú ìwé kan àti àpótí irinṣẹ́. Bọ́ọ̀dù tí wáyà gbogbo tẹlifóònù náà ti pàdé ga bíi kọ́bọ́ọ̀dù ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, igi dúdú tó ń dán. Ihò wà lára rẹ̀ ní ìlà méjì, ihò ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan sì ní ìdérí idẹ kékeré. Bí ajẹ́lẹ̀ bá yí ọwọ́ tẹlifóònù tirẹ̀ lọ́hùn-ún, ìdérí ihò rẹ̀ á já wálẹ̀ lọ́dọ̀ mi: kẹ́ẹ̀! Màá ki okùn kan bọ ihò náà, màá ní, "Ta lẹ fẹ́, sà?" Bó bá ní ọlọ́pàá lòun fẹ́, màá ki orí kejì okùn náà bọ ihò ọlọ́pàá, màá yí ọwọ́ bọ́ọ̀dù, agogo á sì dún ní bárékè. Àwọn méjèèjì á máa sọ̀rọ̀, èmi á jókòó sáàárín wọn bí alárinà. Nígbà míì ìdérí mẹ́rin á já lẹ́ẹ̀kan náà. Títí di òní, bí ẹnì kan bá ṣí ìdérí ọtí ẹlẹ́rìndòdò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọwọ́ mi á fẹ́ máa wá okùn kiri.

Iyọ̀ òkun ò jẹ́ ká sinmi. Lálaalẹ́ ló ń jẹ idẹ, láràárọ̀ ni mò ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bó o kúrò. Bátìrì wà nínú ìgò ńláńlá lábẹ́ bọ́ọ̀dù, omi òjò nìkan ni mo sì ń bù sí i, torí omi kànga wa ò ṣeé gbára lé. Èèyàn á rí mi tí mo ń gbé bàsíà sábẹ́ etí òrùlé nígbà òjò, á ní, "Ṣé ẹ fẹ́ fọṣọ ni?" Màá ní rárá, tẹlifóònù ni òùngbẹ ń gbẹ.

Bí mo ṣe máa pín ihò fún àwọn ọ́fíìsì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ìwé tí wọ́n fún mi ní Èkó sọ pé ẹni tó bá nílò rẹ̀ jù ni kí n fi sí ìlà òkè, nítorí ìlà òkè nìkan ni wọ́n ṣe kó lè bá Èkó sọ̀rọ̀. Àárín ìlú nìkan ni ìlà ìsàlẹ̀ lè dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìwé yẹn kò mọ Àgbádárìgì. Akọ̀wé àgbà kọ́ọ̀tù wọlé wá wo bọ́ọ̀dù, ó rí i pé ihò ọlọ́pàá wà lókè tirẹ̀, ojú rẹ̀ sì kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Nígbà tí wọ́n bí ọ̀gá ọlọ́pàá yẹn," ó ní, "mo ti ń kọrin bẹ́ẹ̀sì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé òun ni yóò wá jókòó lé mi lórí?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo tú gbogbo wáyà ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù, mo to àwọn ọ̀gá bí ọjọ́ orí wọn ṣe tó. Ajẹ́lẹ̀ nìkan ni mo yọ sílẹ̀ nínú ìṣirò náà, òun ló ni ìjọba. Sístà Rúùtù, nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ilé ìtọ́jú aláìsàn wa, ló kéré jù lọ́jọ́ orí, ìdí ìsàlẹ̀ pátápátá ló sì bọ́ sí. Kò ráhùn. Inú gbogbo wọn dùn, èmi náà sì rò pé mo gbọ́n.

Ẹ̀rù àgbà wà lára wa nígbà náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè ìlú pè láti kọ́ọ̀tù, tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ létí mi, kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo gbàgbé pé ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ olókùn wà lórí mi. Mo fa gbogbo okùn tó wà lára bọ́ọ̀dù já sílẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ tó ń bá Èkó sọ̀rọ̀ já, ọlọ́pàá já, ìjòyè fúnra rẹ̀ já. Nígbà tí mo tún so ó padà, mo tọrọ àforíjì. Ó ní kò sí wàhálà, òun gbọ́ nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀, òun gbọ́ gbì.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Bàbá Mautin, kò gbà pé irú ìkíni bẹ́ẹ̀ tó. Òun ni olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ etí ọ̀sà níbi tí wáyà gbà kọjá lọ sí ọ̀nà Ìjanikin àti Òtò, kó tó dé Èkó. Òun ló tọ́ mi lẹ́yìn ikú bàbá mi. Apẹja ni, Ègùn pọ́ńbélé, ó fún mi ní ẹja, ó fún mi ní ìwé kà, ó sì fún mi ní ẹgba nígbà tó yẹ. Ní òwúrọ̀ Kérésìmesì, ajẹ́lẹ̀ máa ń yọ̀ǹda kí àwọn ará ìlú wá kí èèyàn wọn ní Èkó, bí a sì ti ń ṣe fún àwọn Mùsùlùmí nìyẹn nígbà Iléyá. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá rí ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà! Ìyá arúgbó á gbé aṣọ tó dára jù wọ̀ nítorí pé ohùn rẹ̀ fẹ́ lọ sí Èkó. Àwọn kan á máa sunkún kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì kọrin sẹ́nu ẹ̀rọ náà títí tí ojú òpérétọ̀, ẹlẹgbẹ́ mi tó jókòó nídìí bọ́ọ̀dù ní Èkó, fi kún fún omijé.

Mo mú Bàbá Mautin wá lọ́dún kan kó bá ọmọ àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ akọ̀wé ní Èkó sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ ohùn ọmọ náà, ojú rẹ̀ là. Ó wá mú ẹ̀rọ náà kúrò létí, ó wò ó yíká, ó tún fi sétí.

"Ṣé o ti kí mi?" ó béèrè.

"Mo ti dọ̀bálẹ̀, bàbá," ohùn dáhùn láti Èkó.

"Ta ló rí i?"

Bàbá gbé ẹ̀rọ fún mi padà. Ó ní ojú lọ̀rọ̀ wà, òun kì í bá ohùn tí kò lójú sọ̀rọ̀, kí n má tún pe òun wá mọ́. Bó ṣe yípadà lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú fìlà dúdú rẹ̀ tí kì í ṣí fún ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀ òun ló gba wáyà náà là. Àwọn èèyàn ń yọ mí lẹ́nu gidi gan-an. Àwọn apẹja ń sá àwọ̀n lé okùn ìdúró òpó, àwọn ọdẹ ń gé wáyà fi ṣe tàkúté, bí mo bá sì dé ìdí bọ́ọ̀dù láàárọ̀, Èkó á dákẹ́. Mo lọ bẹ Bàbá. Ó rẹ́rìn-ín, ó gé màrìwò ọ̀pẹ, ó so ó mọ́ òpó kọ̀ọ̀kan lórí ilẹ̀ wọn, ó sì pe ìdílé jọ. Ó ní, "Mo ti pa ààlè sí i. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kàn án, àfi bí èmi bá fi ẹnu mi tú u." Ó tán. Láti ọjọ́ náà, àwọn obìnrin tó ru igi ń yà kúrò lọ́nà kí ẹrù wọn má bàa ha òpó. Kódà Sẹ̀wánù, ọmọ ìlú Kankon tó ń bá mi gun òpó, kò lè gùn ún láti kùn ún lọ́dà àfi kí Bàbá wá sọ ọ́ lẹ́nu pé, "Ó yá, gùn ún." Èmi àti Sẹ̀wánù máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

Òjò ńlá kan pẹ̀lú ìjì jà ní ọjọ́ kan. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo sì rí ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, gèlè rẹ̀ ti já sọ́rùn. Wọ́n ti fi ọkọ̀ gbé Bàbá Mautin wá sí ilé ìtọ́jú aláìsàn. Egungun ẹja há a lọ́fun. Ẹni tó ti ń jẹ ẹja láti kékeré! Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, àwọn àgbà kò purọ́. Àwọn ará ilé sì ti ṣe bí a ti máa ń ṣe: òkèlè ẹ̀bà kan, òkèlè ẹ̀bà kejì, kó gbé e mì, kó gbé e mì. Ẹ̀bà náà ló ti egungun ọ̀hún wọlé ṣinṣin.

Mo sáré kọjá àgbàlá. Bàbá jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn, ohùn rẹ̀ ti lọ pátápátá. Èémí rẹ̀ ń dún bí ayùn. Sístà Rúùtù fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"N ò lè rí i," ó ní. "Bí mo bá fi ọwọ́ líle ki irin sí i, mo lè ya á lọ́fun. Dókítà tó mọ iṣẹ́ yìí wà ní ilé ìwòsàn l'Ékòó. Ṣùgbọ́n ọ̀fun náà ń wú, ọkọ̀ ojú omi ò lè gbé e débẹ̀ kó tó dí. Ẹ bá mi fi dókítà sórí tẹlifóònù, kó máa sọ fún mi bí mo ṣe máa ṣe é."

Mo padà sídìí bọ́ọ̀dù, mo ki okùn bọ ihò Èkó. Kò dún. Mo yí ọwọ́ ẹ̀rọ títí apá fi ro mí. Mo rán Sẹ̀wánù, ó gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé wáyà, kò sì pẹ́ púpọ̀ tó fi padà dé, òógùn ti bò ó. Igi àgbọn ti wó lu wáyà, ó já a lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kan. Mo ní kí ló dé tí kò gùn ún.

"Ẹ̀gbọ́n, orí ilẹ̀ Bàbá ni," ó ní. "Màrìwò wà lára òpó yẹn. Wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án."

"O ò sọ fún wọn pé torí Bàbá fúnra rẹ̀ ni?"

"Máwù Ọlọ́run gbọ́, mo sọ ọ́! Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé ara rẹ̀ ò yá. Wọ́n ní ìdí nìyẹn gan-an. Wọ́n ní báwo làwọn ṣe máa da ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà nù nígbà tó ń jà fún ẹ̀mí rẹ̀, ṣé mo fẹ́ kí àwọn fi ọwọ́ ara àwọn pa á ni? Wọ́n ní ẹnu rẹ̀ ló so ó, ẹnu rẹ̀ ni kó tú u."

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Èmi ni mo lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó so ó. Bí bàbá tó tọ́ mi bá kú lọ́jọ́ náà, àrékérekè tí mo fi gba wáyà là ló pa á. N ò sì lè bínú sí àwọn ará abúlé, nítorí pé òótọ́ inú ni wọ́n fi dúró.

Èmi àti Sẹ̀wánù lọ bá Bàbá, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó la ẹnu, èémí nìkan ló jáde. Ó wá na ìka sí ọ̀pẹ kékeré tó wà lágbàálá. Ìyá mi já màrìwò rẹ̀ wá. Bàbá mú un, ó ta á ní kókó níṣojú Sẹ̀wánù, ó fi hàn án dáadáa, ó sì tú kókó náà. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ sórí, ó sì ṣí fìlà.

Ẹ̀yin ọmọ, èmi tí mo dàgbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò rí àtàrí rẹ̀ rí. Orí náà funfun, ó kéré, bí orí ọmọdé. Ìyá mi yí ojú kúrò. Bàbá ká màrìwò tó tú sínú fìlà náà, ó gbé e lé Sẹ̀wánù lọ́wọ́. Àrokò ni. Àwọn baba wa ti ń fi í ránṣẹ́ síra wọn kí òyìnbó tó ri òpó kankan mọ́lẹ̀.

Bí Sẹ̀wánù ṣe lọ, mo rántí ohun kejì, ojú tì mí. Ihò Sístà Rúùtù wà nísàlẹ̀, níbi tí èmi àti akọ̀wé àgbà fi í sí. Bí wáyà bá tilẹ̀ là, kò lè dé Èkó. Ajẹ́lẹ̀ wà lẹ́nu ìrìn àjò. Mo lọ sẹ́yìn bọ́ọ̀dù, mo tú wáyà ajẹ́lẹ̀ kúrò ní ihò rẹ̀, mo sì so wáyà ilé ìtọ́jú aláìsàn síbẹ̀. Wọ́n lè lé mi lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ìyẹn. Lẹ́yìn náà mo jókòó, mo ń wo ìdérí Èkó.

Kẹ́ẹ̀!

"Ẹ̀gbọ́n!" Sẹ̀wánù ló ń fi ẹ̀rọ ìdánwò tó gbé dání pè láti orí òpó. "Ẹ ń gbọ́ mi? Ṣé gánjí ni, ṣé ó dára?"

"Gánjí ni!" mo kígbe. "Gánjí!"

Ó sọ fún mi nígbà tó padà dé bó ṣe rí. Ẹni tó dàgbà jù níbẹ̀ gba fìlà náà, ó wo inú rẹ̀. Kò bi Sẹ̀wánù ní ohunkóhun. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ṣí fìlà tiwọn, àgbà náà sì tú màrìwò kúrò lára òpó. Bí mo bá ń rò ó di òní, orí mi ń wú: ọ̀rọ̀ tí kò lóhùn ló la ọ̀nà fún ohùn tí kò lójú.

Mo rí dókítà náà lórí tẹlifóònù. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Tẹlifóònù ilé ìtọ́jú aláìsàn wà lára ògiri, Sístà kò sì lè di ẹ̀rọ àti irin mú pọ̀, nítorí náà ìyá mi tí kò fọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí ló dì í mọ́ ọn létí. Èmi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ nídìí bọ́ọ̀dù.

"Ẹ má fún un ní ẹ̀bà mọ́," dókítà ní. "Ẹ gbé e kọjú sí òòrùn. Ẹ fi ṣíbí tẹ ahọ́n rẹ̀. Ẹ ní díńgí? Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fi tan ìmọ́lẹ̀ òòrùn wọ inú rẹ̀. Ẹ má kánjú, Sístà. Kí lẹ rí?"

"Mo rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, sà. N ò rí egungun."

"Ẹ wò ó lápá ọ̀tún, lẹ́yìn bèlúbèlú. Ẹ ní kó mí sínú díẹ̀díẹ̀."

Mo ń gbọ́ èémí ẹ̀gbọ́n ìyá mi nínú wáyà, bí ẹni pé inú etí mi ló ti ń mí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di okùn náà mú nínú ihò rẹ̀ kó má yọ. Ọwọ́ òyìnbó kọ́ ló ṣe iṣẹ́ yìí, oògùn kọ́ sì ni. Ohùn èèyàn lásán ló ń gba orí omi àti inú àgbọn wá tọ́ ọwọ́ obìnrin kan sọ́nà nínú ọ̀fun àgbàlagbà.

"Mo rí i!" Sístà ní. "Sà, mo ti dì í mú."

"Ẹ fà á bó ṣe wọlé. Ẹ rọra."

Bàbá húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún húkọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo gbọ́ tí irin bọ́ sínú abọ́ pẹ̀lú egungun náà, mo sì gbọ́ tí ìyá mi bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan tó há gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gbé e fún mi."

Bàbá Mautin ni. Ó gbé ọwọ́ sórí láti ṣí fìlà, bí ìyá mi ṣe sọ fún mi, ó sì bá orí lásán. Fìlà wà lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé.

"N ò mọ̀ yín," ó ní. "N ò rí ojú yín kí n lè kí yín bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n orí mi wà ní gbangba. Òun ni mo fi ń kí yín."

Dókítà ní, "Bàbá, mo ti dọ̀bálẹ̀."

Bàbá kò béèrè ẹni tó rí i.

Ajẹ́lẹ̀ dé, ó bá ilé ìtọ́jú aláìsàn ní ihò rẹ̀. Mo ṣàlàyé, ó wo bọ́ọ̀dù títí, ó ní kí n fi í síbẹ̀, kí n wá ihò míì fún òun. Akọ̀wé àgbà pàápàá wá bẹ̀ mí pé kí n gbé òun lọ sísàlẹ̀. Bàbá Mautin sì ń wá sí ọ́fíìsì ní gbogbo Kérésìmesì láti ìgbà náà, yóò ṣí fìlà kó tó gba ẹ̀rọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọdé ló wà lọ́hùn-ún. Ó lo ọdún púpọ̀ sí i láyé. Bọ́ọ̀dù náà ti jóná, wọ́n ti gé àwọn òpó, iyọ̀ òkun ti jẹ ìyókù. Nígbà tí Bàbá kú tí wọ́n pín ẹrù rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ mú ọkọ̀ àti àwọ̀n. Wọ́n bi mí ohun tí mo fẹ́.

Ẹ dákẹ́ ná. Ó ń dún lápò mi. Ìwọ, gba fìlà yìí bá mi mú un dání. Rọra o, òwú àwọ̀n ni Bàbá fi rán ojú ibi tó ya.